Ẹ Bi Agbẹjọ́rò: Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni òfin ń pè ní ìwà ìbàjẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọdún 2015, ọmọ mi ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà náà, ra fóònù kan ní owó pọ́ọ́kú, àṣé ẹrù olè ni. Àwọn ọlọ́pàá mú un, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n sì ní kí ó san owó ìtanràn. Ní báyìí ó fẹ́ lọ kàwé sí i ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń bá a ṣètò físà ní ẹ̀ṣẹ̀ náà wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní “moral turpitude”, pé kí ó yáa kọ “rárá” síbi tí wọ́n bá ti béèrè bóyá wọ́n ti mú un rí. Kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí? Ṣé kí ó gba ìmọ̀ràn yẹn?
Ìyá ọlọ́mọ, Òkè-Àdó, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Kì í ṣe orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kan pàtó ni ọ̀rọ̀ yìí, ojú tí òfin fi ń wo ẹ̀ṣẹ̀ ni. Èyí tó sún mọ́ ọn jù lédè wa ni ìwà tí ọmọlúàbí kì í hù, tí ará àdúgbò yóò gbọ́ tí wọn yóò káwọ́ lérí, yálà ìjọba ṣòfin nípa rẹ̀ tàbí kò ṣe é.

Ẹ wo onímícrà méjì tó ń ná Dùgbẹ̀ sí Mọ́kọ́lá. Ọ̀kan kò ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Wọ́n mú un, ó san owó ìtanràn, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kò sì sí ẹni tó pè é lólè. Èkejì rí i pé ìyá oníṣòwò kan gbàgbé àpò owó sẹ́yìn ọkọ̀. Ìyá náà ń sáré bọ̀, gèlè ti tú lórí rẹ̀, awakọ̀ wò ó nínú dígí, ó sì tẹná mọ́tò. Àwọn méjèèjì ló rú òfin, ṣùgbọ́n ti èkejì ní èrò ibi nínú, èrò ibi yẹn gan-an sì ni àwọn adájọ́ ń wá. Ìdí nìyí tí olè jíjà àti jìbìtì fi máa ń wọ abẹ́ ọ̀rọ̀ náà, tí ìjà lásán kì í sì í sábà wọ ọ́.

Láti ọdún 1891 ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú òfin wíwọ̀lú Amẹ́ríkà, síbẹ̀ àwọn aṣòfin wọn kò túmọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ní 1951, ẹjọ́ ọkùnrin kan tó lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn láti fi owó-orí ọtí líle du ìjọba dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ ní ibi tí jìbìtì bá wà, kò sí àríyànjiyàn. Adájọ́ Jackson yapa, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò ní ìtumọ̀ tó dúró sójú kan. Èmi náà gbè é lẹ́sẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti 1999 tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: abala 66 mẹ́nu kan ẹ̀ṣẹ̀ àìṣòótọ́, ẹni tí wọ́n bá sì dájọ́ fún nítorí rẹ̀ láàárín ọdún 10 ṣáájú ìdìbò kò lè lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀.

Ní ti ọmọ yín, ríra ẹrù olè nìkan kọ́ ni ọ̀ràn, bí kò ṣe mímọ̀ pé ẹrù olè ni. Àlàyé tí ẹ bá ṣe kọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ wò, ohun tí òfin tí wọ́n fi dá a lẹ́bi ní kí olùpẹjọ́ fi hàn ni. Bí mímọ̀ bá wà nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ṣètò físà náà má jayò pa nípa ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn rẹ̀ burú. Òfin Amẹ́ríkà kan náà sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 nígbà tó ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì ti lé ní ọdún 5 kí ó tó béèrè físà, kò tìtorí rẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń lé sẹ́yìn. Irọ́ ni kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ nípa ohun tó ṣe kókó kí ó lè gba físà, wọ́n lè tì í mọ́ta títí ayé, àfi bí wọ́n bá fún un ní ìyọ̀ǹda pàtàkì.

Kí ó kọ “bẹ́ẹ̀ ni”. Ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù, ẹ fi ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ tì í, kí agbẹjọ́rò tó mọ òfin wíwọ̀lú Amẹ́ríkà sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ọmọ náà tó fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ ránṣẹ́.