Ṣé òótọ́ ni pé òkété lè wá bọ́ǹbù inú ilẹ̀ rí?

Òótọ́ ni o. Ẹ̀rọ tó ń wá irin ni wọ́n sábà máa ń lò, àmọ́ wàhálà ẹ̀ ni pé gbogbo irin ló ń ké sí, ìṣó o, agolo o, gbogbo ẹ̀ lẹ máa rọra gbẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ àwọn bọ́ǹbù kan wà tó jẹ́ ike ló pọ̀ jù lára wọn. Òkété ò ráyè irin ní tiẹ̀, òórùn TNT, ìyẹn kẹ́míkà tó ń mú kí bọ́ǹbù bú, ló ń gbọ́, tó bá ti gbọ́ ọ á họ ilẹ̀, kò sì wúwo débi tí bọ́ǹbù á fi bú. Àjọ kan tó ń jẹ́ APOPO ló ń kọ́ wọn ní Tanzania. Ọ̀kan lára àwọn òkété náà, Magawa, rí bọ́ǹbù tó lé ní 70 ní Cambodia, wọ́n tiẹ̀ fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà ní 2020. Èèyàn ló ṣì máa tú bọ́ǹbù ọ̀hún ṣá.