Wọ́n Tọ́ka sí Iṣẹ́ Rẹ̀ ní Ìgbà 2,300: Ṣé Ìyẹn Ni Pé Àgbo Rẹ̀ Ń Wo Àtọ̀gbẹ?

Ìbéèrè: Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá mi ti ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ. Ọ̀mọ̀wé kan tó máa ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò níbí ní Abẹ́òkúta ń ta àgbo inú ìgò, ó sì ní kí ẹni tó bá ń mu ún jáwọ́ nínú oògùn òyìnbó. Mo kọ́kọ́ rò pé oníjìbìtì ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú ìwé rẹ̀ lórí Google Scholar, ìkànnì tó ń to àpilẹ̀kọ àwọn olùwádìí àti iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka sí wọn, mo rí i pé olùwádìí gidi ni. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ lé ní 60, wọ́n ti tọ́ka sí wọn ní ìgbà 2,300, h-index rẹ̀ jẹ́ 24, ó sì ti bá àwọn ará Jámánì ṣiṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí gbogbo àgbáyé ti fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, oṣù mélòó ni kí ìyá mi lo àgbo náà?

Ìdáhùn: Kí ìyá yín má ṣe fi metformin sílẹ̀. Ìdáhùn nìyẹn, àlàyé ló kù. N kò rí ìyá rí, n kò sì mọ bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe wà, nítorí náà dókítà tó ń tọ́jú wọn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yí oògùn wọn padà. Kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ní ti "oṣù mélòó" tí ẹ bèèrè, n kò ní dáhùn rẹ̀ rárá.

Ẹ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fi irú lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí mi lọ́dún yìí, inú sì ti ń bí mi díẹ̀, kì í ṣe sí yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni n ó mú nínú lẹ́tà yín, "gbogbo àgbáyé ti fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀", nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ yín ti yọ̀. Ìtọ́kasí kì í ṣe ìfọwọ́sí. Bí olùwádìí bá ń kọ àpilẹ̀kọ tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ iṣẹ́ àwọn tó ti wà lórí ọ̀rọ̀ náà ṣáájú rẹ̀: èyí tó gbára lé, èyí tó kàn fẹ́ fi hàn pé òun kà, àti èyí tó fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Ẹ̀rọ tó ń kà wọ́n kò mọ ìyàtọ̀. Ẹni tí wọ́n bú lójúde lẹ́ẹ̀mejì àti ẹni tí wọ́n kì lẹ́ẹ̀mejì, "méjì" ni yóò kọ síwájú orúkọ àwọn méjèèjì.

H-index náà kò ṣòro bí wọ́n ṣe ń fi dẹ́rù ba ènìyàn. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì kan ní Kalifóníà, ló gbé e kalẹ̀ ní 2005. Bí ti ọ̀mọ̀wé yín bá jẹ́ 24, ó túmọ̀ sí pé ó ní àpilẹ̀kọ 24 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti gba ìtọ́kasí 24, ó kéré tán. N kò ní bẹnu àtẹ́ lù ú, nítorí ẹni tó bá rìn dé ibẹ̀ pẹ̀lú òtítọ́ ti làágùn. Ṣùgbọ́n kò sí ibi kankan nínú ìṣirò náà tí wọ́n ti bèèrè bóyá ara aláìsàn kan tilẹ̀ yá.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpilẹ̀kọ méjì hàn yín láti inú jọ́nà kan náà, ìyẹn ìwé tí àwọn olùwádìí ń tẹ iṣẹ́ wọn sí, ní ọdún kan náà. Ní oṣù kejì ọdún 1998, The Lancet, ọ̀kan nínú àwọn jọ́nà ìṣègùn tí orúkọ wọn tóbi jù lọ láyé, tẹ iṣẹ́ Andrew Wakefield àti àwọn alájọkọ rẹ̀ 12 jáde. Ọmọdé 12 péré ni iṣẹ́ náà dá lé, ohun tí ayé sì gbé jáde nínú rẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR, èyí tí wọ́n fi ń dènà èéyi àti àrùn méjì mìíràn, ló ń fa autism, ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà. Ní 2004, mẹ́wàá nínú àwọn alájọkọ náà yọwọ́ nínú ìtumọ̀ yẹn. Ní oṣù kejì ọdún 2010, jọ́nà náà fa àpilẹ̀kọ ọ̀hún padà, nígbà tó sì di oṣù karùn-ún, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ orúkọ Wakefield kúrò nínú ìwé wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni wọ́n ti tọ́ka sí àpilẹ̀kọ yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ láti sọ pé kò tọ̀nà. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n fà á padà, ńṣe ni iye náà ń gòkè sí i.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1998 yẹn kan náà, jọ́nà yìí kan náà tẹ àbọ̀ ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní UKPDS jáde. Oògùn tí ìyá yín ń lò ló dá lé. Wọ́n fi ọ̀nà tó dà bí kèké ṣíṣẹ́ pín àwọn alátọ̀gbẹ tí wọ́n sanra, kí ẹnikẹ́ni má baà yan ẹni tó wù ú: 342 bẹ̀rẹ̀ metformin, wọ́n sì ní kí 411 máa fi oúnjẹ ṣọ́ ara wọn ná. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi tẹ̀lé wọn. Iye àwọn tó kú nínú àwọn tó gba metformin fi ìdá 36 nínú 100 kéré sí ti ìhà kejì. Èyí náà ti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìtọ́kasí.

Bí ẹ bá fi iye ìtọ́kasí nìkan wọn àwọn àpilẹ̀kọ méjèèjì yìí, orí òkè kan náà ni wọn yóò jọ wà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ wà nínú àpilẹ̀kọ fúnra rẹ̀: ènìyàn mélòó, báwo ni wọ́n ṣe yàn wọ́n, ìgbà wo ni wọ́n fi tẹ̀lé wọn, kí sì ni wọ́n kà ní ìparí. Ojú ìwé tí ẹ wò kò lè sọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí fún yín.

Oògùn òyìnbó tí ẹ ń pè é yìí náà, ara ewéko kan tí àwọn ará Yúróòpù ń lò láti ayébáyé, Galega officinalis, ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe é ní ilé àyẹ̀wò ní Dublin ní 1922, ó sì di 1957 kí Jean Sterne, dókítà ará Faransé, tó kọ nípa bó ṣe fi tọ́jú àwọn alátọ̀gbẹ. Jọ́nà ìṣègùn kan ní Mòrókò ló tẹ̀ ẹ́ sí. Bí ó bá jẹ́ pé iye ìtọ́kasí ni wọ́n ń wò nígbà náà, ta ni ìbá yà sọ́dọ̀ rẹ̀? Àbọ̀ àwọn ará Ṣáínà lórí artemisinin, oògùn ibà tí wọ́n rí lára ewé, kò tilẹ̀ ní orúkọ òǹkọ̀wé kankan lára nígbà tó jáde ní 1977, bẹ́ẹ̀ ni Tu Youyou gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015 nítorí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀tá ewé ni mí, nítorí ewé ni mo fi gba oyè mi. Ohun tí mò ń béèrè ni pé kí ewé ọ̀mọ̀wé yín rìn ní ọ̀nà tí Galega rìn.

Ní ti àjọṣe pẹ̀lú àwọn ará òkè òkun, àjọṣe gidi ń so èso tí ẹnì kan kò lè dá so. Láti 1992 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntòkun wà nínú wọn, ti bá àwọn ará Yunifásítì Indiana yẹ àwọn àgbàlagbà wò ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, pẹ̀lú ọ̀nà àyẹ̀wò kan náà. Nígbà tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2001, ó hàn pé lọ́dọọdún, 1.35 nínú 100 àgbàlagbà ní Ìbàdàn ni àìsàn ìgbàgbé ń mú, nígbà tí ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Ìlú kan ṣoṣo kò lè rí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn àpilẹ̀kọ kan tún wà, bíi ti Global Burden of Disease, ìwádìí tó ń ṣírò bí àìsàn ṣe ń pọ́n àwọn ènìyàn lójú káàkiri àgbáyé, tí orúkọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn máa ń wà lórí wọn, tí gbogbo wọn sì jọ ń pín gbogbo ìtọ́kasí rẹ̀. Ẹni tó fi ìṣirò ilé ìwòsàn kan ránṣẹ́ níbẹ̀ lè kó ìtọ́kasí ẹgbẹ̀rún jọ láìṣẹ ẹnikẹ́ni, kí ìyẹn má sì kan àgbo rẹ̀ rárá.

Èmi náà ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń gbé olùkọ́ yunifásítì ga lẹ́nu iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ka àpilẹ̀kọ bí ẹni ń ka iṣu, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí ọ̀kan wò. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá kan pàṣẹ kí n fi orúkọ òun sí iṣẹ́ tí kò fọwọ́ kan èkúté kan nínú rẹ̀. Mo fi sí i, nítorí pé mo ní ọmọ láti bọ́. Iṣẹ́ yẹn ṣì wà nínú iye ìtọ́kasí rẹ̀ títí di òní. Ní 2010, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Faransé, Cyril Labbé, tilẹ̀ ṣẹ̀dá olùwádìí tí kò sí láyé, ó pè é ní Ike Antkare, ó kọ àwọn àpilẹ̀kọ asán tí wọ́n ń tọ́ka sí ara wọn, Google Scholar sì gbé h-index 94 fún un. Ti ọ̀mọ̀wé yín jẹ́ 24. Ti ẹni tí ìyá kankan kò bí jẹ́ 94. N kò sọ pé ọ̀mọ̀wé yín purọ́ o. N kò mọ̀ ọ́n, ẹ kò dárúkọ rẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ ó bi í kò pọ̀: nínú àpilẹ̀kọ 60 yẹn, èwo ni wọ́n ti fún ènìyàn ní ohun tó wà nínú ìgò yìí gan-an? Lọ́pọ̀ ìgbà, èkúté ni wọ́n ń lò nínú iṣẹ́ lórí ewé wa. Wọn yóò fún wọn ní alloxan, kẹ́míkà tó ń ba ibi tí ara ti ń ṣe insulin, èròjà tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, jẹ́, wọn yóò fún wọn ní omi ewé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọn yóò sì wọn ṣúgà. Ìbẹ̀rẹ̀ tó dára ni, èmi náà ti ṣe é. Kò sọ ohun tí ìgò náà yóò ṣe sí kíndìnrín ìyá àgbàlagbà tó lè máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú. Bí wọ́n bá sì sọ fún yín pé ṣúgà aládùúgbò kan lọ sílẹ̀ kíákíá, ẹ rántí pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn aláyẹ̀wò oògùn ní òkè òkun ti bá glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́, nínú ohun tí wọ́n ń tà bí ewé lásán. Ìyẹn lè já ṣúgà wálẹ̀ débi tí ènìyàn yóò dákú.

Nọ́ńbà NAFDAC nìkan kò tó. Lára ọ̀pọ̀ àgbo tó ní nọ́ńbà, ẹ ó rí gbólóhùn kékeré kan tó ń sọ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń wò wò.

Bí ìyá bá ti mu nínú rẹ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Ẹ gbé ìgò náà dání lọ sí kíníìkì, ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti ìwọ̀n tí wọ́n ń mu, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ṣúgà, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wọn wò. Bí wọ́n bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò wọ́n, tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn ń lọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ kíníìkì. Ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù lọ ni kí ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.