Ta ni Madame de Pompadour, báwo ni ó sì ṣe ní agbára tó bẹ́ẹ̀ láàfin ọba Faransé?

Madame de Pompadour ni àlè tí Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún, ọba ilẹ̀ Faransé, mú wọ ààfin Versailles ní gbangba ní ọdún 1745. Ìlú Paris ni wọ́n bí i sí ní 1721, kì í sì í ṣe ọmọ ìjòyè. Ìdí nìyẹn tí ọba fi kọ́kọ́ fi í jẹ oyè marquise, ìyẹn oyè obìnrin ìjòyè, kí wọ́n tó fi í han àwọn ará ààfin.

Òkè yàrá ọba gan-an ni yàrá tirẹ̀ wà, àtẹ̀gùn ìkọ̀kọ̀ sì so méjèèjì pọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ń wá ojúrere ọba fi ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí jù lọ ni pé ìbálòpọ̀ àárín wọn ti dópin ní nǹkan bí ọdún 1750, síbẹ̀ ó ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ àti olùdámọ̀ràn ọba títí ó fi kú ní 1764, lẹ́ni ọdún 42.

Ó ti ilé iṣẹ́ àwo tánganran Sèvres lẹ́yìn, ó sì gbè sẹ́yìn àwọn ọ̀mọ̀wé. Nínú àwòrán rẹ̀ tí ayàwòrán La Tour yà, ìwé Encyclopédie, ìyẹn ìwé ìmọ̀ ńlá tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kọ, wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló di ẹ̀bi Ogun Ọdún Méje, ogun tí Faransé pàdánù ní 1763, rù ú nítorí pé ó fara mọ́ àdéhùn 1756 pẹ̀lú Ọ́stríà, ṣùgbọ́n èmi gbà pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, nítorí ọwọ́ ọba ni àṣẹ wà.