Eré orin ní The O2, kí ẹ sì tún rí London díẹ̀

Ká ní ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì olórin pop-rock kan tó ń gbé gìtá kiri ayé, pé ilé eré ńlá The O2 ní London ló ti máa kọrin, ẹ ò sì ní lò ju ọjọ́ kan lọ nílùú. Ẹ kọ́kọ́ tún tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kà dáadáa. Orúkọ O2 wà lára ilé eré mìíràn ní London: ọ̀kan wà ní Brixton, òmíràn ní Shepherd's Bush, òmíràn ní Kentish Town. Èyí tó ń gba nǹkan bí 20,000 èèyàn ni ti abẹ́ àgọ́ funfun ràgàjì tó ní òpó yẹ́lò 12. North Greenwich ni ibùdó rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Jubilee ló ń dúró níbẹ̀. Ibòmíràn ni Greenwich lásán. Ẹni tó bá sọ̀ síbẹ̀ ṣì máa wọ bọ́ọ̀sì 188 kó tó dé ọ̀dọ̀ olórin.

Àmọ́ Greenwich yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo ojúmọmọ. Ẹ fi ààfin ọba àti Big Ben sílẹ̀ di ìgbà míì. Ẹni tó bá wà láàárín ìlú títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ máa há mọ́ àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nínú ọkọ̀ Jubilee, àwọn tó ń lọ síbi eré á tún kún un. Ẹ gun òkè Royal Observatory, ilé tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ láyé àtijọ́, kó tó di aago kan ọ̀sán. Bọ́ọ̀lù pupa kan wà lórí òrùlé rẹ̀: ní 12:55 ó máa gòkè dé ìdajì òpó, ní 12:58 ó máa dé òkè pátápátá, ní 13:00 géérégé ó máa já wálẹ̀. Ní 1833 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sọ aago fáwọn atukọ̀. Ẹ lè wò ó láti ìta lọ́fẹ̀ẹ́. Wíwọlé ló ń gbowó. National Maritime Museum àti Queen's House tó wà nísàlẹ̀ òkè náà kò gbowó ìwọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹsẹ̀ rìn gba abẹ́ odò Thames kọjá nínú ihò tí wọ́n ṣí ní 1902, bíi 370 mítà ni, kí ẹ bojú wẹ̀yìn láti Island Gardens, ọgbà tó wà ní òdìkejì odò. Lójú tèmi, kò síbi tí Greenwich ti dùn ún wò tó ibẹ̀.

Tó bá kan owó ọkọ̀: bọ́ọ̀sì London kì í gba owó ọwọ́, káàdì tàbí fóònù lẹ máa fi kan ẹ̀rọ. Ohun kan náà ni kí ẹ lò látàárọ̀ dalẹ́. Bí ẹ bá fi káàdì wọ ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tí ẹ fi fóònù jáde, ẹni méjì ni ẹ̀rọ máa kà yín sí, bó tilẹ̀ jẹ́ àkáǹtì kan náà. Ọkọ̀ ojú omi láti Greenwich lọ sí North Greenwich gbádùn mọ́ni, àmọ́ owó rẹ̀ kò sí lára òdiwọ̀n owó ọkọ̀ ojoojúmọ́, ìyẹn iye tí ẹ̀rọ kì í gbà kọjá lọ́wọ́ yín lójúmọ́.

Báàgì tó bá ju bébà A4 lọ, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21 ní fífẹ̀ àti 30 ní gígùn, kò ní wọlé. Ẹ gbé ẹrù sí òtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀. Ẹ ti ṣí tíkẹ́ẹ̀tì orí fóònù sílẹ̀ kí ẹ tó dé ẹnu géètì, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń fà bí èrò bá ti pọ̀, ẹ sì má gbẹ́kẹ̀ lé fọ́tò tí ẹ yà láti ojú fóònù. Inú ilé eré kò gba owó ọwọ́.

Ìjókòó ńkọ́? Ọ̀rọ̀ orin ni irú olórin báyìí ń tà, nítorí náà ibi tó kọjú sí pèpéle sàn ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, bí ẹ̀gbẹ́ tilẹ̀ sún mọ́ ọn, torí pé iwájú ni wọ́n dojú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde kọ. Àwọn búlọ́ọ̀kù tí nọ́ńbà wọn wà ní 400 sókè ló wà lókè, àtẹ̀gùn wọn dagun gan-an. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́ kó yẹra. Ní ti ìdúró, iwájú tábìlì àwọn tó ń ṣètò ohùn ni orin ti ń jáde bó ṣe yẹ. Ẹ fi nǹkan dí etí díẹ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe fún orin, tó ń jẹ́ kéèyàn ṣì gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí ìjókòó yín kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ máa yẹ ìkànnì tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì náà gangan wò ní ọjọ́ díẹ̀ sí eré: bí wọ́n bá to pèpéle tán, wọ́n sábà máa ń tú àwọn ìjókòó tí wọ́n dì mú sílẹ̀.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ni eré sábà máa ń parí. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé, Jubilee ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Lálẹ́ ọjọ́ yòókù, ọkọ̀ ìkẹyìn kì í pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn aago méjìlá. Wọ́n máa ń dá èrò dúró lẹ́nu ibùdó kó má baà di ìtẹ̀mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ jókòó sínú àgọ́ jẹun fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó lọ. Bí ọkọ̀ ojú irin bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, bọ́ọ̀sì 188 ń ná gbogbo òru, ó sì ń gba Waterloo kọjá.