Ẹ má tíì fi ìwọ̀n irin ta àwọn ẹ̀rọ yẹn

Ẹ ní ẹ̀rọ atajà mẹ́ta tó ti gbó ló wà nílẹ̀ yín, irú èyí téèyàn ń sọ owó sí kó tó já ọjà sílẹ̀. Ẹ ní ẹnì kan fẹ́ fi ìwọ̀n irin rà wọ́n, ẹ wá ń béèrè bóyá títú wọn tà lẹ́yọ lẹ́yọ tó wàhálà rẹ̀. Ó tó o. Èyí tí mo ti tú lé ní 20, owó tèmi ni mo sì fi kọ́ iṣẹ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ má tíì mú síkúrúdíráfà rárá. Ẹ kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà ná.

Èyí tí mo kọ́kọ́ tú, mi ò tàn án. Wọ́n ní kò ṣiṣẹ́ mọ́, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Mo gé gbogbo wáyà rẹ̀ já, mo kó bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó oníná tó ń darí ẹ̀rọ, àwọn mọ́tò àti ẹ̀yà tó ń gba owó bébà sínú páálí kan. Ẹni tó ra ti owó bébà yẹn dá a padà. Ó ní ó ń fa owó wọlé dé ìdajì, á sì tún tì í síta. Nígbà tí mo ṣí i, rọ́bà tó ń fa owó wọlé ló ti gbẹ, tó ń dán bí ìgbà téèyàn kùn ún lóróró. Rọ́bà tuntun ì bá ti parí ọ̀rọ̀ náà, ká ní mo ti dán an wò nígbà tó ṣì wà lára ẹ̀rọ. Ó dùn mí gan-an. Bọ́ọ̀dù ńkọ́? Pẹ̀lú wáyà gígé tó ń rọ̀ lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

Torí náà, ẹ tan án, kẹ́ ẹ sọ gbogbo oríṣi owó ẹyọ sí i, kẹ́ ẹ ki owó bébà bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan títí gbogbo mọ́tò á fi yí. Ẹ ká a sínú fídíò. Ẹni tó bá rí i tí ohun tó fẹ́ rà ń ṣiṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọwó. Bí kò bá tàn, ẹ wo fíúsì kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti kú.

Ibi tí owó wà gan-an ni ẹ̀yà tó ń gba owó ẹyọ, èyí tó ń gba owó bébà, àti bọ́ọ̀dù. Ẹ wo pulọ́ọ̀gì ẹ̀yà owó ẹyọ yẹn. Bó bá jẹ́ onípíìnì 6, MDB ló sábà máa ń jẹ́. Ìlànà kan náà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò láti so ẹ̀yà tó ń gba owó mọ́ bọ́ọ̀dù nìyẹn, ìdí nìyẹn tí ohun tí ilé iṣẹ́ kan ṣe fi lè bá ẹ̀rọ òmíràn ṣiṣẹ́, ó sì máa ń yá tà. Bí pulọ́ọ̀gì náà bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó jẹ́ ti ayé àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn kò mọ MDB ń wá a lójú méjèèjì. Òun àti bọ́ọ̀dù rẹ̀ ni kẹ́ ẹ jọ tà pọ̀. Ti owó bébà, ẹ sọ owó orílẹ̀-èdè tó mọ̀ fún ẹni tó ń rà á, kẹ́ ẹ sì sọ bóyá ó ń gba èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde.

Kẹ́ ẹ tó yọ bọ́ọ̀dù, ẹ pa iná, ẹ yọ wáyà lára ògiri, ẹ ya fọ́tò ibi tí pulọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan wọ̀ àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Bí bátìrì kékeré bá wà lórí rẹ̀, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Mo ti rí èyí tí omi bátìrì ti jẹ, tí ojú bàbà rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń rà á kó tó sanwó.

Ẹ má gé páìpù ibi tó ń mú nǹkan tutù. Gáàsì ìtutù tí wọ́n ń pè ní R-12 ló wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó pẹ́ gan-an. Nítorí irú gáàsì bẹ́ẹ̀, tó ń ba ozone tó ń dáàbò bo ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́, làwọn orílẹ̀-èdè ṣe fọwọ́ sí àdéhùn Montreal lọ́dún 1987. R-134a ló wọ́pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Àwọn tuntun míì ń lo R-290. Propane nìyẹn, ó ń gbiná, ẹ má gbé iná sún mọ́ ọn. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ta nǹkan mímu, odindi ibi ìtutù náà ṣeé fà jáde láìtú páìpù kankan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń tà á, ní ìdúró. Bẹ́nì kan bá ti dà á dùbúlẹ̀, kó gbé e dúró fún wákàtí mélòó kan kó tó tan án, kí òróró lè padà sínú kọ̀mpírẹ́ṣọ̀.

Kọ́kọ́rọ́, ìlẹ̀kùn àti wáyà lílọ́ tó ń ti ọjà síwájú á tà díẹ̀díẹ̀, ẹ má fi ìyẹn ṣe ìyọnu. Nígbà tó bá ku páànù nìkan, ẹ wá pe ẹni tó ń ra irin yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ tú ìlẹ̀kùn kúrò kẹ́ ẹ tó gbé e síta mọ́jú, kódà fún ọjọ́ kan, kí ọmọdé má bàa wọ inú rẹ̀ há síbẹ̀.