Jẹnẹrétọ̀ ńlá, iná kékeré: níbo ni bẹntiróòlù ń lọ?

Ìbéèrè: Jẹnẹrétọ̀ 5 kVA ni mo ń lò. Gílóòbù LED mẹ́fà, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n kan àti fíríìjì kékeré kan ló ń gbé. Bẹntiróòlù tó ń jẹ ti pọ̀ jù, èéfín rẹ̀ sì ń yọ aládùúgbò lẹ́nu. Ọmọ mi tún bi mí pé báwo ni bẹntiróòlù ṣe ń di iná, mi ò rí nǹkan fi dá a lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Jẹnẹrétọ̀ yín ti tóbi ju iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un lọ. Ibẹ̀ ni bẹntiróòlù ń bá lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọmọ yín lóhùn, torí ìdáhùn tirẹ̀ ló máa jẹ́ kí tiyín yé yín.

Kò sí iná mànàmáná nínú bẹntiróòlù, ooru ló wà níbẹ̀. Kabúrétọ̀ á po bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́, púlọ́ọ̀gì á ta iná sí i, á bú, á ti písítìnì, písítìnì á sì yí ọ̀pá ẹ́ńjìnì. Òòfà ló wà lórí ọ̀pá yẹn, ó ń yí láàárín kọ́ìlì tí wọ́n fi wáyà bàbà wé. Michael Faraday ló fi hàn ní ọdún 1831 pé tí òòfà bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, iná á máa ṣàn nínú wáyà náà. Tó bá dúró, iná dúró.

Iná 50 hertz (ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni ọ̀pọ̀ ohun èlò ilé ń fẹ́. Kí irú jẹnẹrétọ̀ yín tó lè mú un wá, ẹ́ńjìnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ì báà jẹ́ gílóòbù kan lẹ tàn, ìgbà 3,000 náà ni. Tẹ́nìkan bá yí súkúrù ìyára rẹ̀ wálẹ̀ kó lè dín bẹntiróòlù kù, hertz á já wálẹ̀, mọ́tò fíríìjì á gbóná, ó sì lè jóná.

Ilé iṣẹ́ iná ńlá kò yàtọ̀ sí èyí. Omi ló ń yí tiwọn, tàbí atẹ́gùn, tàbí oru omi tí wọ́n fi èédú, gáàsì tàbí agbára núkílíà hó. Páńẹ́ẹ̀lì oòrùn nìkan ni kì í yí nǹkan kan. Ohun tó ń yí i ló ń sọ ohun tó máa bàjẹ́ láyìíká. Èédú máa ń tú nǹkan bíi kílò kan carbon dioxide (gáàsì tó ń mú ayé gbóná) jáde fún yúníìtì iná kan (ìyẹn wáàtì 1,000 fún wákàtí kan). Ilé iṣẹ́ gáàsì ìgbàlódé kì í ju bíi 0.4 lọ. Omi kò ní èéfín, àmọ́ ẹ má pè é ní aláìlẹ́bi: tí omi tó wọn tọ́ọ̀nù kan bá já láti mítà 100, ìdámẹ́rin yúníìtì péré ló ń mú wá. Ìdí nìyẹn tí adágún wọn fi gbọ́dọ̀ tóbi. Ìsédò Three Gorges ní Ṣáínà lé ènìyàn tó ju mílíọ̀nù kan kúrò nílé. Igi tí omi bò mọ́lẹ̀ máa ń jẹrà, á tú methane (gáàsì mìíràn tó ń mú ayé gbóná) jáde, ẹja kò sì ní rí ọ̀nà gòkè odò mọ́.

Ó wá ku tiyín. Gílóòbù yín á tó wáàtì 60, fáànù 120, tẹlifíṣọ̀n 80, fíríìjì 150. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 410, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí jẹnẹrétọ̀ náà lè gbé (bíi wáàtì 4,000). Ooru tó wà nínú lítà bẹntiróòlù kan tó yúníìtì 9. Ẹ́ńjìnì kékeré tó rí ẹrù tó tó o gbé lè sọ bíi 2 nínú rẹ̀ di iná, ìyókù á bá ooru lọ. Ẹ́ńjìnì tiyín ń ná púpọ̀ nínú bẹntiróòlù rẹ̀ lórí yíyí ara rẹ̀ lásán. Tó bá ń jẹ lítà kan ní wákàtí kan, yúníìtì 0.4 péré lẹ rí. Lítà kan sì ń tú bíi kílò 2.3 carbon dioxide jáde. (Lítà náà fúnra rẹ̀ kò tó kílò kan, oxygen inú afẹ́fẹ́ ló wá kún un.) Ẹ pín in: ó ju kílò 5 lọ fún yúníìtì kan. Èédú gan-an kò burú tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó ná owó, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ bu bẹntiróòlù kún táǹkì dé àmì kan, ẹ tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí kan pẹ̀lú ẹrù yín, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, kí ẹ wá fi ìgò tó ní ìwọ̀n bu u padà dé àmì náà.

Tí iye náà bá sún mọ́ lítà kan, jẹnẹrétọ̀ oní-inverter tó tó wáàtì 2,000 ló bá yín mu. Ìyára ẹ́ńjìnì tirẹ̀ máa ń lọ sókè sódò bí ẹrù bá ṣe rí, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ló ń tún hertz ṣe. Ẹ má ra ti 1,000: tí fíríìjì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó lè fa ìlọ́po mẹ́fà iye tó ń lò. Tí ẹ bá fẹ́ di tọwọ́ yín mú, ẹ ra inverter àti bátìrì 12 V, 200 Ah méjì. Ìgbà tí ẹ bá ń lọ aṣọ tàbí tí ẹ ń fa omi ni kí ẹ fi jẹnẹrétọ̀ ńlá náà gba iná sínú wọn. Tí ẹ kò bá jẹ́ kí bátìrì olójé wálẹ̀ ju ìlàjì lọ, ẹ ó rí bíi wákàtí márùn-ún láìtan jẹnẹrétọ̀. Bátìrì tó bá ti kú, ẹ dá a padà fún àwọn tó ń tún un yọ́ nílé iṣẹ́. Òjé inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ẹ wo àwọ̀ èéfín náà pẹ̀lú. Tó bá dúdú, bẹntiróòlù pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: ẹ fọ fítà afẹ́fẹ́, kí ẹ sì rí i pé ẹ ti ṣí ṣókù tán. Tó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Bóyá ẹ bu ọ́ìlì jù, bóyá ríǹgì písítìnì ti jẹ. Funfun díẹ̀ láàárọ̀ tó sì tètè lọ kì í ṣe nǹkan kan.

Èyí tí ojú kò rí ló ń pani. Carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín náà, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju oxygen lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ náà jìnnà tó mítà 6, ó kéré tán, sí ilé yín àti ti aládùúgbò, kí ẹnu sàlẹ́ńsà kọjú síbi tí kò sí fèrèsé. Ẹ má gbé e sí kọ́rídọ̀ tàbí báńkóní. Fèrèsé ṣíṣí kò tó. Tórí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín tàbí tí èébì ń gbé yín nígbà tó ń ṣiṣẹ́, gbogbo ilé ni kó kọ́kọ́ jáde síta, kí ẹ tó wá ẹni tó máa pa á, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn.