Kí ni mo lè ṣe sí ojú gbígbẹ tó ń ta mí lóru?

Omi ojú máa ń dínkù bí a bá ti sùn, nítorí náà, bí fáànù bá ń fẹ́ lù yín lójú mọ́jú nínú yàrá yín, ẹ kọ́kọ́ yí i sí ìhà ẹsẹ̀. Kí ẹ tó sùn, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lé ìpéǹpéjú fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí ọ̀rá tó dì sí etí rẹ̀ lè yọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìpara inú ẹyinjú (eye ointment) tí a ṣe fún ojú gbígbẹ sínú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀; ó ń mú ojú ṣe bàìbàì, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ti alẹ́. (Oògùn tí ń lé pupa ojú kì í ṣe èyí o.) Ẹ ní kí ẹnì kan wò ó bóyá ojú yín ń pa dé tán lójú oorun. Bí ó bá ń dùn yín gan-an, tàbí tí ìríran yín ń yí padà, ẹ lọ rí dókítà ojú, irú èyí tó wà ní LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà.